Nígbà Tí Ọkọ̀ Di Ti Bàbá

Kó, kó, kó. Ìró yẹn ló máa ń jí mi. Bàbá ti wà níta, ó mú igi kékeré kan dání, ó ń fi gbá táyà bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ orí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Tó bá gbá ti iwájú tán, á yí lọ sẹ́yìn. N ó dìde lórí ẹní, n ó yọ orí lójú fèrèsé. Ìrì ṣì wà lára gíláàsì ọkọ̀. Èéfín igi tí Màmá fi ń dáná ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde, òórùn bẹntiróòlù sì dà pọ̀ mọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Lókèèrè, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó sùn mọ́jú ní ìkóríta Òrè ti ń jí, wọ́n ń hó lọ sójú títì Benin.

"Ìyàwó mi, o ti jí?" Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn.

"Mo ti jí, Bàbá. Ẹ káàárọ̀."

"Wá gbọ́ èyí." Á tún gbá táyà náà. "Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pé. Gbọ́ bó ṣe ń dún le. Tó bá ti ń jò, ohùn rẹ̀ á rọ̀, á dà bí ìgbà tí èèyàn gbá ìrọ̀rí."

Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá, tó jẹ́ bàbá ìyá mi, ń ṣe dírẹ́bà fún ilé iṣẹ́ kan tó ní oko ọ̀pẹ. Òun ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sóko láàárọ̀, òun náà ló ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá mi wà l'Ékòó níbi tó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, ọ̀dọ̀ Bàbá àti Màmá ìyàwó rẹ̀ ni mo gbé dàgbà. Aṣọ kákí ni Bàbá máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, á wọ́n omi sí i, aṣọ náà á máa ta ooru, ilé á sì gba òórùn rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn aṣọ gbígbóná níbikíbi, Bàbá ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìtàn kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ fún mi tó bá ń bọ́ ẹ̀pà lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun tẹ bíréèkì ọkọ̀ ilé iṣẹ́, ó sì wọlé lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òun pa ọkọ̀, òun yọ kọ́kọ́rọ́, òun lọ gbé e sórí tábìlì mánijà.

"Mánijà pariwo mọ́ mi. Ó ní, 'Àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró lójú ọ̀nà!' Mo ní, 'Mo mọ̀, sà. Àmọ́ ọkọ̀ yìí ò ní bíréèkì. Ẹ bá wa pe ẹni tó máa tún un ṣe, tàbí kí ẹ wá ẹlòmíì tó máa wà á.' Mo bá lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò."

"Kí ni wọ́n wá ṣe fún yín, Bàbá?"

"Kí ni wọn ì bá ṣe? Wọ́n pe mẹkáníìkì. Nígbà tí àkókò àtilọ sílé tó, mo wálé, mo jẹ ẹ̀bà, mo sùn. Ọkọ̀ wọn ni. Wàhálà wọn ni."

Á wá rẹ́rìn-ín, á ju èpo ẹ̀pà sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, ó fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ fún un ní owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ owó náà sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé. Màmá fẹ́ kí wọ́n fi gba oko kòkó sí Ajue, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Ó ní kòkó kì í lo táyà, kì í sì í mu bẹntiróòlù. Bàbá ní bọ́ọ̀sì lòun fẹ́ rà.

"Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ kí ọ̀kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá béèrè ẹni tó ni ín, èmi ni n ó dáhùn."

Màmá wò ó títí. "Ẹ máa rà á, Bàbá," ló sọ. "Mo ti mọ̀ pé ẹ máa rà á."

Tòkúnbọ̀ ni bọ́ọ̀sì náà, àmọ́ lójú mi, ó dà bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ọ̀run. Funfun ni, wọ́n fa ìlà àwọ̀ ewé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn aládùúgbò wá kí wa kú oríire. Pásítọ̀ wa gbàdúrà sí i, Alhaji tó jẹ́ ọ̀gá ní gáréèjì náà sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbàdúrà tirẹ̀. Bàbá ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò lè wà á. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má wa ọkọ̀ mọ́. Ó wá gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ ní ọkọ̀ wíwà nígbà tó ṣì wà ní ilé iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà ni èmi máa ń pè é. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Tó bá ti oko dé, ó máa ń bá mi mú àgbálùmọ̀ bọ̀ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀nà Omifunfun sí Òrè ni wọ́n yàn. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn obìnrin á gbé gaàrí, epo pupa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sójú ọ̀nà, ọkọ̀ á kó wọn wá sí Òrè, á sì kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Tí bọ́ọ̀sì bá dé ilé wa, gbogbo inú rẹ̀ ló máa ń gba òórùn epo.

Ọkọ̀ náà ò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa tí mo fi rí i pé ẹ̀rín Bàbá ti ń dínkù. Tí òjò bá ṣú, àwa ọmọdé á máa yọ̀ pé a máa wẹ̀ nínú òjò, Bàbá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú ọ̀run, nítorí ọ̀nà oko á ti di ẹrẹ̀, ọkọ̀ ò ní jáde. Tí ọmọ Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà bá ń ṣàìsàn, Bàbá lá kọ́kọ́ gbọ́. Tí oṣù bá parí, owó Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà ló máa ń yọ sọ́tọ̀ kí Màmá tó lọ sọ́jà ra ohun tí àwa máa jẹ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọkọ̀ kan bá kọjá lójú títì, mo máa ń rí i tí orí rẹ̀ á yí díẹ̀, tí á máa fi etí wá bọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kì í gbé ọkọ̀ wọ yàrá," ni Màmá sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Èyí bá wa jókòó sídìí abọ́ oúnjẹ."

Ó ṣì ń gbá táyà láràárọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó di aláìbìkítà. Ó ń gbá wọn, ó ń tẹ́tí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà kan, mò ń ṣa èérí kúrò nínú ìrẹsì lẹ́yìn ilé nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà wọlé wá. Ó ti pa ọkọ̀ síwájú ilé. Kò jókòó.

"Bàbá, táyà iwájú yẹn, ti ọwọ́ òsì, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Wáyà inú rẹ̀ ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Bàbá dìde, ó lọ síwájú ilé, èmi náà tẹ̀lé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara táyà náà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó dé ibì kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó gbá a. Ìró rẹ̀ le. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pé. Ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọ̀la lọjà," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Àwọn obìnrin yẹn á ti gbé ẹrù síta. Tí wọn ò bá rí wa, ọkọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n á máa dúró dè láti ọ̀la lọ." Ó nàró, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. "Rọra máa lọ. Má sáré rárá. Jẹ́ kó gbé ọjà ọ̀la dé fún wa, a ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́túnla."

Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà wo táyà náà, ó wo Bàbá. "Ó dáa, sà," ló sọ. Kò sí ẹni tó bínú. Kò sí ẹni tó gbóhùn sókè. Mo padà sídìí ìrẹsì mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ti ilé ìwé dé, Bàbá jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó ń rán ìjókòó ọkọ̀ kan tó ya. Ọlọ́kadà kan ya wọlé lójijì, kò tiẹ̀ pa ẹ̀rọ ọ̀kadà rẹ̀.

"Bàbá, ọkọ̀ yín ti lọ gbá igi o! Kí a tó dé Òdígbó!"

Bàbá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló kú?" ló béèrè. Kò béèrè ọkọ̀.

Obìnrin kan ló kú, obìnrin tó ń ta gaàrí láti Omifunfun, tó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Àwọn yòókù fara pa. Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà ṣẹ́ níbi méjì.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bá a ní ọsibítù, Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà sọ fún wọn pé ewúrẹ́ ló já sójú ọ̀nà, pé ibi tí òun ti ń yà fún un lọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà. Ewúrẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Alhaji wá sílé wa, ó bá Bàbá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ọmọ yẹn ti fi orí rẹ̀ gbà á. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ lọ kí àwọn ẹbí olóògbé, kí ọ̀rọ̀ parí." Bàbá mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí lóòótọ́, fún gbogbo èèyàn àfi òun.

Kì í jẹun tán mọ́. Màmá á gbé abọ́, á rí i pé ẹran ṣì wà níbẹ̀, á tún gbé e padà síwájú rẹ̀. Ìró igi lára táyà ò sí mọ́ láàárọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló wá ń jí mi. Níkẹyìn, lọ́jọ́ kan tí a jókòó ti oúnjẹ, ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ọbẹ̀.

"Ewúrẹ́ kankan ò sí níbẹ̀," ló wí.

Màmá ní, "Mo mọ̀."

"Mo máa lọ sí Omifunfun."

"Ẹ mú ọmọ yìí dání, kó máa bá yín wo ilẹ̀."

Bí mo ṣe bá a lọ nìyẹn. Ọ̀kadà ló gbé wa, èmi láàárín, Bàbá lẹ́yìn mi. Àwọn ewé kòkó gbígbẹ kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ilẹ̀ tútù, gbogbo ibẹ̀ ń rùn bí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún dànù. Bàbá gbá ejìká mi mú. Mo rò pé nítorí kí n má baà ṣubú ni.

Ìyá obìnrin tó kú náà jókòó níwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí iyẹ̀pẹ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ni ìyá náà wí. Ìkálẹ̀ ló ń sọ, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. "Ta ni yín?"

"Èmi ni mo ni ọkọ̀ tó gbé ọmọ yín," ni Bàbá wí, ó dìde sórí ìkúnlẹ̀.

Ìyá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Wọ́n ní ewúrẹ́ ni."

"Kì í ṣe ewúrẹ́, ìyá. Táyà ló bẹ́. Táyà náà ti gbó. Ọmọ tó ń wà á sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Èmi ni mo ní kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn adìyẹ ń ta ẹsẹ̀ sára èpo ẹ̀gẹ́. Ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ dáwọ́ dúró.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ nípa ọkọ̀ ni?" ni ìyá náà béèrè.

"Mo mọ̀. Dírẹ́bà lèmi náà. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó kú nínú ọkọ̀ mi rí."

Ìyá náà wo Bàbá látòkè délẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pè é ní "ẹ" mọ́.

"Ká ní ọkọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn ni, tí wọ́n wá ní kí o gbé e jáde pẹ̀lú táyà yìí, ṣé wàá gbé e?"

Bàbá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Rárá," ló wí.

Ìyá náà mi orí, bí ẹni tó rí ohun tó wá. Ó dìde, ó gbọn èpo ẹ̀gẹ́ kúrò lára ìró rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò gbá a. Ó rọra tì í ni, a sì gbọ́ nígbà tó fi irin há a. A dúró níbẹ̀ títí. Ọmọbìnrin yẹn ń wò mí, èmi náà ń wò ó, omi ọṣẹ ń kán láti ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó jáde mọ́, a bá wálé.

Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Kò dúpẹ́. Nígbà tí a lọ kí i ní ọsibítù, ó kọ ojú sí ògiri.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ sọ ọ́?"

"Kí wọ́n má baà dá ọ lẹ́bi ohun tí kì í ṣe tìẹ."

"Ewúrẹ́ tí mo sọ yẹn ò ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Ní báyìí, àwọn ará Omifunfun ń wá síbí, wọ́n ń bi mí pé: o mọ̀ pé táyà ò dáa, o sì kó èèyàn sínú rẹ̀? Kí ni kí n fèsì? Kí n ní ọ̀gá mi ló rán mi? Wọ́n ní ṣé ọ̀gá mi ló jókòó sídìí ọkọ̀ ni?"

"O lè kọ̀ fún mi," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi náà kọ̀ fún àwọn ọ̀gá mi rí."

Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà wá yí ojú padà. Omi wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńlá, Bàbá. Ọkọ̀ wọn dúró, ẹ sì rí owó oṣù yín gbà. Tí èmi bá kọ̀ fún yín, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ní ò jáde, kí lẹ máa fi san tèmi? Mo wo ojú yín lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ẹ fẹ́ kí n lọ. Mo bá lọ."

Bàbá fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì. Lẹ́yìn tí ara Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà yá díẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó kúrò ní Òrè. A gbọ́ pé ìlú ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n lọ. Bàbá ránṣẹ́ títí, kò sí èsì.

Ẹbí olóògbé ní àwọn ò fẹ́ ẹjọ́. Bọ́ọ̀sì náà wà ní àgọ́ ọlọ́pàá títí koríko fi gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù tó wá gbé e. Ìgbà tí ọdún yẹn ń parí lọ ni Bàbá gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó ń ṣí géètì, ó ń ti géètì. Màmá ò fẹ́ ẹ. Ó ní kí ló kù tí àgbàlagbà ń wá lẹ́nu géètì.

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ," ni Bàbá dá a lóhùn. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹnìkan máa sọ fún mi pé ilẹ̀kùn yìí ni kí n ṣí, ìyẹn ni kí n tì."

Ibẹ̀ ló wà títí agbára fi tán. Ó tún ń wálé lásìkò, ó ń jẹun tán, àmọ́ ẹ̀rín àtijọ́ yẹn ò padà wá. Nígbà tó kú, mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò tún dárúkọ Omifunfun létí mi mọ́ láyé rẹ̀, èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe máa bi í.

Mo gba owó oṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Àkúrẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ amúnáwá ọ́fíìsì bá ń rú èéfín, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n pa á, n ó sì jáde lọ dúró síta pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi, a ó máa ṣeré títí ọ̀gá á fi rí nǹkan ṣe sí i. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ìgboyà yẹn kò ná mi ní nǹkan kan. Ní báyìí, èmi ni mo ni ibi tí a ti ń ṣe gaàrí ní Òdígbó. Àwọn obìnrin bíi mélòó kan ń bá mi ṣiṣẹ́, wọ́n ń kó ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń rin ín, ọwọ́ wọn kì í jìnnà sí irin tó ń yí. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú wọn á wá bá mi: "Mọ̀ọ́mù, bẹ́líìtì yìí ti ń ya o." Ẹ̀gẹ́ á ti kún ilẹ̀, àwọn oníbàárà á ti máa dúró pẹ̀lú àpò wọn.

Mo máa ń pa ẹ̀rọ náà. Mo lè fi ọwọ́ sọ́yà pé mi ò tíì kọ̀ láti pa á rí. Ṣùgbọ́n kí n tó pa á, ìṣẹ́jú kékeré kan wà tí mo máa ń wo bẹ́líìtì yẹn, tí nǹkan kan nínú mi á sì sọ pé á ṣì gbé tòní dé. Kì í ṣe ìkà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìrètí ni. Mi ò mọ̀ pé ìrètí lè wọ aṣọ báyẹn títí mo fi di ọ̀gá.

Ìṣẹ́jú yẹn ni mo jogún lọ́wọ́ Bàbá, mi ò sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ mi pé ó wà. Bàbá ni ì bá wù mí kí n sọ ọ́ fún. Ká ní mo mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí nígbà tó ṣì ń ṣọ́ géètì, n bá lọ jókòó tì í, n bá sọ fún un pé, "Bàbá, ó ń ṣe èmi náà." Ó gbé e títí dé ibojì, ó rò pé òun nìkan ló ń ṣe.